Ayẹta inú báàgì ọmọ iléèwé: ṣé ká rà á, àbí ká má rà á?

ÌyáÌbejì_Katy

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Katy lẹ́bàá Houston ni mò ń gbé. Ìbejì ni àwọn ọmọ mi, wọ́n ti pé ọdún mẹ́wàá, kíláàsì karùn-ún ni wọ́n ń bọ́ sí tí iléèwé bá wọlé. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 tí wọ́n ti yìnbọn pa ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ní Uvalde, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí, gbogbo ìgbà tí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé ni àyà mi máa ń já.

Lánàá ni mo rí ìpolówó kan lórí fóònù. Pẹlẹbẹ kan ni, ó dà bíi páálí tó nípọn. Wọ́n ní téèyàn bá ti kì í bọ ẹ̀yìn báàgì ọmọ, ọta ìbọn ò ní lè kọjá. Dọ́là 129 ni ọ̀kan. Wọ́n kọ "NIJ certified, Level IIIA" sí i lára gàdàgbà. Bàbá wọn ní ká ra méjì kí ọkàn wa lè balẹ̀. Èmi ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Kí ni IIIA yìí? Ṣé ó lè dá irú ìbọn tí wọ́n gbé wọ Uvalde dúró? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀ṣọ́_Baltimore

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ oníbọn ni mò ń ṣe, ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń wọ aṣọ ayẹta lọ síbi iṣẹ́. Ìbéèrè yín kejì ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló wúwo jù. Rárá o. IIIA ò lè dá a dúró.

Oríṣi ìbọn méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn gígùn. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ṣe IIIA fún, láti ọta 9mm títí dé ọta ńlá tí wọ́n ń pè ní .44 Magnum. Ìbọn gígùn bíi AR-15 ni wọ́n gbé wọ Uvalde. Ọta rẹ̀ kéré lójú, àmọ́ eré tó ń sá ju ìlọ́po méjì eré ọta 9mm lọ, orí rẹ̀ sì mú. Bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gba inú aṣọ kọjá ló ṣe máa ń gba inú ayẹta rírọ̀ bíi IIIA kọjá.

Èyí tó ń dá ìbọn gígùn dúró ni ipele III àti IV. Pátákó líle ni àwọn yẹn. Àwọn kan jẹ́ irin, àwọn kan jẹ́ amọ̀ sísun tó le bí òkúta, àwọn kan jẹ́ polyethylene, oríṣi ike kan, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di pákó. Pátákó irin kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní ínǹṣì 10 tó sì ga ní 12 lè wọn páùn mẹ́jọ. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sọ pé báàgì ọmọ kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá sí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Ọmọ tó wọn 70 páùn, páùn 7 sí 14 ni gbogbo ẹrù rẹ̀ yẹ kó jẹ́. Irin yẹn nìkan ti gba àyè ìwé. Ó tún ní àléébù tí àwọn olùtajà kì í fẹ́ sọ: ọta tó bá ba irin máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì fò sí ọrùn àti àgbọ̀n ẹni tó gbé e.

Bí wọ́n bá sì kọ "III+" sí ọjà kan, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Kò sí ipele tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ NIJ, àjọ tó ń gbé ìlànà ayẹta kalẹ̀.

Adé_Ẹnjiníà

Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀ṣọ́ ti sọ ojú abẹ níkòó. Èyí tó bí mi nínú jù ni "NIJ certified" tí wọ́n kọ sára nǹkan yẹn. Irọ́ ni. Àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni NIJ, aṣọ ayẹta tí àwọn agbófinró ń wọ̀ sára ni wọ́n ń yẹ̀ wò tí wọ́n sì ń fọwọ́ sí. Wọn ò fọwọ́ sí báàgì kankan rí, àwọn fúnra wọn ti kéde bẹ́ẹ̀. Ohun tí olùtajà olóòótọ́ lè sọ kò ju pé òun gbé ọjà òun lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì fi ìlànà NIJ yìnbọn lù ú. Ẹ ní kó fi ìwé èsì náà hàn yín, kí orúkọ yàrá àyẹ̀wò, ọjọ́ àti nọ́ńbà ọjà wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ olùtajà mẹ́ta nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wọ yunifásítì. Ẹnì kan ló fi ránṣẹ́. Àwọn méjì yòókù ò fèsì títí di òní.

Ẹ ó máa rí orúkọ tuntun náà lórí ọjà, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ìlànà NIJ tó ń jẹ́ 0101.06 ti ọdún 2008 ló ní IIA, II, IIIA, III àti IV. Lóṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n gbé 0101.07 jáde. HG1 àti HG2 jẹ́ ti ìbọn ìléwọ́, HG2 ló dúró níbi tí IIIA wà tẹ́lẹ̀. RF1, RF2 àti RF3 jẹ́ ti ìbọn gígùn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Fọ́nrán kan wà tí wọ́n ń pè ní Kevlar. Obìnrin onímọ̀ kẹ́míkà kan, Stephanie Kwolek, ló ṣàwárí rẹ̀ ní DuPont lọ́dún 1965. Wọ́n á hun ún, wọ́n á to ó lérí ara wọn ní ìpele púpọ̀. Ọta á wọ inú rẹ̀ bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n: àwọ̀n á gùn sẹ́yìn, á fa agbára rẹ̀ ká, orí ọta á tẹ́ pẹrẹsẹ. Àmọ́ àwọ̀n tó gùn sẹ́yìn yẹn, ara ọmọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi àyẹ̀wò, amọ̀ ni wọ́n máa ń fi sẹ́yìn ayẹta, ìlànà sì gbà kí ojú ibẹ̀ wọnú tó 44 mm. Ẹ mú rúlà, kí ẹ wo ibi tí 44 mm dé. Ọta ò wọlé lóòótọ́, àmọ́ egungun ìhà lè kán. Ẹni tí ọta bá bà lórí ayẹta gbọ́dọ̀ dé ọsibítù, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀.

Ṣadé_Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kékeré. Ní London níbí, ọ̀bẹ ló ń bà wá lẹ́rù ju ìbọn lọ. Ṣé ó lè dá ọ̀bẹ dúró?

Adé_Ẹnjiníà

Rárá, àǹtí. Fọ́nrán tó ń gba ọta ìbọn mú, ẹnu ọ̀bẹ lè là á kọjá. Ìlànà ti ọ̀bẹ wà lọ́tọ̀ gedegbe. Àyàfi kí wọ́n kọ ọ́ sára ọjà náà pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún méjèèjì.

Àgbà_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú àjò. Ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá mi, àwa tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé rẹ̀ mọ ayẹta. Kò sẹ́ni tí bàbá fún ní ayẹta tí kò ní jókòó sọ èèwọ̀ rẹ̀ fún: má wọ̀ ọ́ dé ibi báyìí, má jẹ́ kí nǹkan báyìí kàn án. Ẹni tó bá sì gbàgbé èèwọ̀ rẹ̀, bàbá á ní ẹrù lásán ló gbé kọ́rùn.

Mo fẹ́ bi Ẹnjiníà. Èyí tí ẹ ń sọ yìí, kí ni èèwọ̀ tirẹ̀? Ìkejì, ọmọ mi tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, nítorí mo máa ń wakọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé kó fi ránṣẹ́?

Adé_Ẹnjiníà

Bàbá, ẹ ṣé é gan-an. Ó ní èèwọ̀, ó sì pọ̀.

Oòrùn. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀tù mọ́tò lásìkò ooru, pàápàá èyí tí wọ́n fi polyethylene ṣe. Ooru máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Ìtànṣán oòrùn náà máa ń jẹ Kevlar, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dì í sínú àpò dúdú.

Omi. Àpò tí wọ́n dì í sí ló ń gbà á lọ́wọ́ omi. Tí àpò yẹn bá ya, tí òógùn tàbí òjò wọ inú fọ́nrán, agbára Kevlar á dín kù. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó fọ báàgì. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nu ún, kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ ìfọṣọ láéláé.

Abẹ́rẹ́. Ẹ má rán an mọ́ báàgì, ẹ má lu ú. Ẹ má ká a. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa jókòó lé e.

Ọjọ́ orí. Ọdún márùn-ún ni àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń ṣe onídùúró fún. Ẹ má ra àlòkù, ojú lásán ò lè rí ohun tó ti kú nínú fọ́nrán. Ẹ wo ọ̀rọ̀ Zylon. Fọ́nrán tuntun ni nígbà náà, ó fúyẹ́, wọ́n yìn ín gan-an, wọ́n fi rán aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá. Lọ́dún 2003, ọta wọlé sára ọlọ́pàá kan ní Pennsylvania gba inú irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé fọ́nrán náà ń rà láìjẹ́ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀, NIJ sì yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń fọwọ́ sí lọ́dún 2005. Aṣọ tó kọjá nínú àyẹ̀wò nígbà tó ṣì wà ní tuntun ni o.

Ní ti fífi ránṣẹ́, bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó má ṣe é. Amẹ́ríkà ní òfin lórí kíkó ayẹta lọ sí òkè òkun. Ní Nàìjíríà, ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò ló ń fúnni níwèé àṣẹ kí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ tó wọlé. Kọ́sítọ́ọ̀mù á gbà á ni, ọ̀rọ̀ lè di ti ọlọ́pàá.

Olùkọ́_Dallas

Ìyá Ìbejì, olùkọ́ kíláàsì kẹrin ni mí. Láàárọ̀ yìí ni mo lọ tún kíláàsì mi ṣe sílẹ̀ de àwọn ọmọ. Bí mo ṣe ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ìkọ́ báàgì, ọ̀rọ̀ yín yìí sọ sí mi lọ́kàn, mo sì dúró. Ìkọ́ 22 ni, gbogbo wọn wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo lọ sídìí àga tó jìnnà jù, mo ka ìṣísẹ̀ mi dé ìdí ìkọ́. Mọ́kànlá. Ìṣísẹ̀ àgbàlagbà nìyẹn.

Ẹ bá mi rò ó. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde, ẹ̀yìn ọmọ kì í sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, tí ẹ bá ti kọ́ ọmọ pé báàgì ni ààbò rẹ̀, ibo ni ẹ rò pé ó máa sá lọ? Ìdí ilẹ̀kùn ni. Ibẹ̀ gan-an la sì ń kọ́ wọn pé kí wọ́n sá fún.

Ohun tí à ń kọ́ wọn ò pọ̀: bí ọ̀nà bá là, sá, má mú nǹkan kan dání. Bí kò bá là, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ pa iná, ẹ kúrò níbi tí wọ́n ti lè rí yín, ẹ dákẹ́. Lẹ́yìn ti iléèwé Sandy Hook lọ́dún 2012, níbi tí wọ́n ti pa ọmọ 20 àti òṣìṣẹ́ 6, ìgbìmọ̀ tí gómìnà Connecticut gbé kalẹ̀ dámọ̀ràn pé kí olùkọ́ lè ti ilẹ̀kùn kíláàsì láti inú. Ẹ kọ lẹ́tà sí iléèwé yín, kí ẹ béèrè: ṣé ilẹ̀kùn kíláàsì àwọn ọmọ mi ṣeé tì láti inú? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí máa bi mí nìyẹn.

Ẹ tún ka ìwé òfin iléèwé lórí báàgì. Lọ́dún 2022, àwọn iléèwé ìjọba Dallas ṣòfin pé báàgì tí wọ́n lè rí inú rẹ̀ nìkan ni àwọn á máa gbà fún kíláàsì kẹfà sí kejìlá. Wọ́n á rí pẹlẹbẹ dúdú nínú irú báàgì bẹ́ẹ̀, ọmọ ni wọ́n sì máa bi léèrè. Ó sàn kí ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú.

BàbáKẹ́mi_Bronx

Mo gbọ́ ohun tí gbogbo yín sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo ra ọ̀kan fún Kẹ́mi nígbà tó wọ yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, n ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n fi ń pa èèyàn jù ní orílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ìbọn gígùn. Ọmọ yunifásítì kò dà bí ọmọ kékeré: báàgì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti láíbìrì lóru. Páùn kan àti díẹ̀ ni, kò mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá gba ọta kan lọ́wọ́ rẹ̀, owó mi ò ṣòfò.

Ẹ̀ṣọ́_Baltimore

Bàbá Kẹ́mi, òótọ́ lẹ sọ, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Kí ẹ kàn rí i pé Kẹ́mi mọ̀ pé ẹ̀yìn nìkan ló bò. Orí, ọrùn, ìhà, ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níta. Kó kì í bọ àyè tó sún mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jù, kí ojú tí wọ́n kọ "wear face" sí kọjú sí ara rẹ̀, kí ìwé wà níta rẹ̀. Ìwé nìkan kì í ṣe ayẹta, ẹ má gbà á gbọ́, àmọ́ bó bá wà níwájú ayẹta kò burú.

Òfin ńkọ́? Ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ọ̀ràn ìwà ipá ńlá, òfin àpapọ̀ kò gbà á láyè láti ní ayẹta. Ní Connecticut, ojúkojú ni wọ́n ń tà á. Ní New York tẹ́ ẹ wà, wọ́n ti fi òfin dín àwọn tó lè rà á kù lẹ́yìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Buffalo lóṣù karùn-ún ọdún 2022.

Ti Buffalo yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin kan wà lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ bíi tèmi, ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì. Ó yìnbọn lu apààyàn yẹn, ọta rẹ̀ bà á, àmọ́ ayẹta ló wà lára apààyàn. Ẹ̀ṣọ́ ló kú. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni bá ń tà á bí ẹni ń ta bisikíìtì, kì í dùn mọ́ mi nínú.

Nọ́ọ̀sì_Yéwándé

Ẹ má bínú sí mi, n ó sọ ohun tí Ìyá Ìbejì ò béèrè. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Chicago. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti bá di ojú ọgbẹ́ ìbọn wọn, ilé ni ìbọn ti bà wọ́n: abẹ́ tìmùtìmù, inú dúrọ́ọ̀, orí kọ́bọ́ọ̀dù tí bàbá rò pé ọwọ́ ọmọ ò lè tó.

Ti iléèwé náà kò jìnnà sí i. Lọ́dún 2019, Secret Service, àjọ tó ń ṣọ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn jáde lórí ìkọlù 41 tó ṣẹlẹ̀ ní iléèwé láàárín 2008 sí 2017. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìbọn ṣe, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ilé òbí ọmọ náà tàbí ti ìbátan tó sún mọ́ ọn ni ìbọn ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Nínú ilé ni. Ibi tẹ́nì kan lè ti tì í ni.

Nítorí náà, kí ẹ tó ná dọ́là 129, ẹ pe ìyá ọmọ tí àwọn ìbejì máa ń lọ ṣeré nílé rẹ̀. Ẹ ní: "Ṣé ìbọn wà nílé yín? Ṣé ẹ ti tì í? Ṣé ọta rẹ̀ wà lọ́tọ̀?" Ojú á kọ́kọ́ tì yín. Ẹ bi í bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó àpótí onírin, ọ̀pọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá máa ń fúnni ní okùn ìtìbọn lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌyáÌbejì_Katy

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kà á fún bàbá wọn.

Mi ò mọ̀ pé ó ti paṣẹ́ ọ̀kan kí n tó béèrè. Ó dé lánàá. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun: páùn kan àti áúnsì márùn-ún. Ó fẹ̀ ní ínǹṣì 11, ó ga ní 14. Kò wọ àyè kọ̀ǹpútà nínú báàgì Táíwò, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kì í sáàárín ìwé. Mo ní kó gbé e, kó sáré yí ilé ká lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dé, mo ṣí báàgì. Pẹlẹbẹ náà ti yọ̀ sílẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ gbalaja sí ìsàlẹ̀ báàgì lábẹ́ àpótí oúnjẹ. Kò sí ohunkóhun ní ẹ̀yìn ọmọ láti èjìká dé ìbàdí.

Mo wá ìwé tó wà lára rẹ̀. Kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí "wear face," kò sí nọ́ńbà. "Level IIIA" nìkan ni, lẹ́tà wúrà. Mo kọ̀wé béèrè èsì àyẹ̀wò, wọ́n fi àwòrán báàgì pupa kan dá mi lóhùn, wọ́n ní ẹ̀dínwó wà lórí rẹ̀. Ó ti padà sọ́wọ́ wọn láàárọ̀ yìí.

Mo ti kọ lẹ́tà sí iléèwé. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ṣeé tì láti inú, àfi kíláàsì méjì tó wà nínú ilé onípákó lẹ́yìn. Kíláàsì Kẹ́hìndé wà níbẹ̀. Èmi àti òbí mẹ́fà mìíràn ń lọ rí ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ Ẹtì.

Olùkọ́_Dallas

Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sínú ìwé kí ẹ tó dé ibẹ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún un ṣe. Ẹ má fi "a ó wò ó" sílẹ̀ ní ọ́fíìsì yẹn.

Àgbà_Ìbàdàn

Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á dá wọn sí fún yín. Ilé tí wọ́n ti máa ń ṣeré tí Nọ́ọ̀sì sọ ńkọ́? Ṣé ẹ pe ìyá ọmọ náà?

ÌyáÌbejì_Katy

Àmín, bàbá. Mo pè é. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń bi í. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní méjì ló wà nílé àwọn: ọ̀kan wà nínú àpótí, èkejì wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ òun. Ó ní òun ń lọ ra àpótí kejì lónìí lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ní kó dúró dè mí, ká jọ lọ.